Sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo lọmọ máa mú ní SS1? Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa nílẹ̀ Òkun ní Kogí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìyàrá ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò tiẹ̀ jẹ́ ká kíra tán. "Bùọ̀dá mi, wọ́n ti fún ọmọ yìí ní fọ́ọ̀mù nílé-ìwé o, wọ́n ní kó mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì wá ní Mọ́ńdè, bàbá ẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, tísà ẹ̀ ní áàtì, òun fúnra ẹ̀ ní ibi táwọn ọ̀rẹ́ òun bá lọ lòun ń lọ, ẹ wo ohun tójú mi ń rí." Mo ní kó fún ọmọ náà ní fóònù. Mo bi í pé kí ló wù ú kó dà. Ó ní "Ẹ káalẹ́ sà," ló bá dákẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni. Mi ò bá a wí, nígbà témi náà wà ní ọdún 14, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja ni mo fẹ́ ṣe, torí pé fìlà ẹni tó ń wa èyí tí mo wọ̀ nígbà yẹn wù mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí pé mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé àbúrò mi nìkan ni fọ́ọ̀mù yẹn ti ń dájà sílẹ̀.

Ohun tó ń da orí àwa òbí rú ni pé a ti gbà pé ilé mẹ́ta ló wà, sáyẹ́ǹsì, áàtì, kọmáṣà, kí ọmọ wọ ọ̀kan kó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Orúkọ kíláàsì lásán nìyẹn o. Ilé-ìwé ló fi ń pín àwọn ọmọ kó lè rọrùn fún wọn láti ṣe táìmùtébù, kí tísà Kẹ́místírì lè mọ yàrá tó ń lọ. WAEC ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ áàtì. Ẹ gbé sátífíkéètì yín jáde kẹ́ ẹ wò ó, orúkọ yín, orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì, gírédì, ó tán, kò síbi tí wọ́n kọ "sáyẹ́ǹsì" sí lórí ẹ̀. Ọmọ tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì tó sì ń ṣe Ekonómíìsì mọ́ ọn kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, bí ilé-ìwé ẹ̀ bá ṣáà lè bá a to táìmùtébù ẹ̀.

Ibi tí wọ́n á ti bi ọmọ léèrè sọ́bújẹ́ẹ̀tì gan-an, mẹ́ta ni, ìbéèrè wọn ò sì jọra. WAEC àti NECO á ní kó mú 8 ó kéré tán, kò sì gbọ́dọ̀ ju 9 lọ. JAMB á ní 4 péré, Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́kọ́ fún gbogbo ayé, mẹ́ta tó kù dá lórí kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 100, àpapọ̀ 400. Yunifásítì ní tiẹ̀ á ní òun fẹ́ kírédíìtì 5, kì í sì í ṣe márùn-ún èyíkéyìí o, márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì yẹn mu. Kírédíìtì ni A1 títí dé C6. D7 àti E8, wọ́n ń pè é ní páàsì lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì wọn ò ní kà á kún nǹkan kan. F9, a ò sọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ á kọ 9, wọ́n á ka 5. Mẹ́rin tó kù dà bíi sípíà táyà tó wà nínú búùtù, tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà nílẹ̀ bá jò lójú ọ̀nà Ọ̀bájànà, ẹ ó mọ ìwúlò ẹ̀. Àmọ́ sípíà táyà bọ́ọ̀sì kì í wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kírédíìtì tọ́mọ ní nínú CRS ò lè dípò Físíìsì tó já ní kọ́ọ̀sì tó ní Físíìsì lòun fẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí, wọ́n á ní "ọmọ mi ní kírédíìtì 7," ká wá yẹ̀ ẹ́ wò, 3 péré ló bá kọ́ọ̀sì mu nínú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé "sáyẹ́ǹsì àbí áàtì". Ẹ béèrè iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tójú ọmọ ń wò (kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọmọ ọdún 14 á yí ọkàn padà, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀), ẹ béèrè kọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn débẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tí kọ́ọ̀sì yẹn ń gbà, ìgbà yẹn lẹ tó padà sídìí fọ́ọ̀mù SS1. JAMB ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní IBASS, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó tẹ orúkọ kọ́ọ̀sì àti orúkọ ilé-ìwé síbẹ̀, á sì kó sọ́bújẹ́ẹ̀tì WAEC àti ti JAMB tí wọ́n fẹ́ jáde fún yín. Kò gbà ju dátà díẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tá a lè wo fídíò àríyá láti alẹ́ dé òwúrọ̀ ò tíì ṣí ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ n fi nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin wa, pàápàá lápá Yàgbà, ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ti jẹ́ kí wọ́n máa rí aṣọ funfun yẹn láti kékeré. Nọ́ọ̀sì ń gba Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Márùn-ún géérégé, kò sí sípíà táyà. Tí ọ̀kan bá já, gbogbo ẹ̀ já. Físíìsì ló sì ń mú wọn jù, torí pé ọmọ á ní kí ni wọ́n fẹ́ fi Físíìsì ṣe nídìí abẹ́rẹ́, ìyá ẹ̀ á gbà fún un, wọ́n á fi Àgíríìkì dípò ẹ̀ ní SS1, kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan títí tọ́mọ á fi parí, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra fọ́ọ̀mù ni wọ́n á tó mọ̀ pé Físíìsì wà níbẹ̀. Dókítà náà, márùn-ún yẹn kan náà ni, JAMB ẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì, Físíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, kó fún márùn-ún yẹn ní oúnjẹ jẹ kó tó fún mẹ́rin tó kù.

Ẹnjiníà: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́místírì ni JAMB ẹ̀. Bàọ́lọ́jì ò sí níbẹ̀. Àwọn kan á máa fi Further Maths dẹ́rù ba ọmọ pé láìsí i kò sí ẹnjiníà, kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń ranni lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọdún kìíní ní yunifásítì, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ti kọ̀ǹpútà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ á wà ní kíláàsì áàtì, á mọ fóònù tẹ̀ ju ẹni tó ṣe fóònù lọ, òun ló ń bá gbogbo àdúgbò ṣe WhatsApp tó bá dákú, bàbá ẹ̀ á wá ní "kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì lọmọ mi máa kà." Bàbá, Ìṣirò àti Físíìsì ló wà nídìí kọ́ọ̀sì yẹn. JAMB ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, kí ọmọ wá fi ọ̀kan kún un nínú bíi Kẹ́místírì, Bàọ́lọ́jì, Ekonómíìsì, Jọ́gíráfì tàbí Àgíríìkì. Dátà Prosẹ́sìn tó ṣe nílé-ìwé dáa, àmọ́ kò lè gbé e wọlé.

Ìwé àgbẹ̀ ńkọ́? Àwa tá a wà lórí ilẹ̀ iṣu, tí ABU Zaria sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgíríìkì sí Kàbà níbí, ó yẹ ká mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń rí ọmọ tó mú Àgíríìkì àti Bàọ́lọ́jì, tó sá fún Kẹ́místírì, tó ní torí pé oko ni. Kẹ́místírì wà nídìí ìwé àgbẹ̀ ní yunifásítì. Ajílẹ̀, oògùn kòkòrò, ilẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀, kí lẹ rò pé wọ́n fi ń ka ìyẹn?

Lọ́yà: Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ẹ̀, JAMB fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀, kí ọmọ wá fi méjì kún un nínú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì áàtì tàbí tàwùjọ, Gọ́fúmẹ́ǹtì, CRS, IRS, Ekonómíìsì, Hísítírì. Ọmọ kan lè mọ ẹjọ́ rò bí ẹyẹ ẹ̀ga, tí kò bá ní Lítíréṣọ̀, ìta ló máa dúró sí. Akọ̀ròyìn àti tíátà ò fi bẹ́ẹ̀ le nípa ti sọ́bújẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ̀ nínú ti áàtì ló ń gbà.

Akáúńtì wá ni èyí táwọn èèyàn ò mọ̀. Wọ́n rò pé àfi kọ́mọ wà ní kíláàsì kọmáṣà, kó ti ṣe Akáúńtì láti SS1. JAMB ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Ekonómíìsì, àti ọ̀kan sí i lápá ibẹ̀. Ẹ tún un kà. Ìṣirò àti Ekonómíìsì ló gbé e dúró. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọmọ sáyẹ́ǹsì tó bá ti fi Ekonómíìsì kún tiẹ̀, tí ọkàn ẹ̀ bá yí padà ní SS3, ọ̀nà ṣì là sílẹ̀ fún un láti lọ ka Akáúńtì, Ekonómíìsì, Ìṣàkóso Òwò. Ṣùgbọ́n ọmọ kọmáṣà tí kò mú Físíìsì àti Kẹ́místírì ò lè padà lọ ka ẹnjiníà. Afárá yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ló là sí.

Ohun tí mo fi ń sọ fáwọn ará ilé mi nìyí, pé tọ́mọ ò bá tíì mọ ohun tó fẹ́, tí orí ẹ̀ sì gbé Ìṣirò díẹ̀, kó mú sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàọ́lọ́jì, kó fi Ekonómíìsì sí i, kó fi Jọ́gíráfì sí i tí ilé-ìwé bá ní tísà ẹ̀. Jọ́gíráfì yẹn, àwọn èèyàn ń fojú tín-ín-rín ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wúlò fún ọmọ tó fẹ́ ṣe sọ̀fíyọ̀, fún ẹni tó fẹ́ ya àwòrán ilé, fún Ekonómíìsì. Mi ò sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ sáyẹ́ǹsì o! Ọmọ tí Ìṣirò ti ń lù láti JSS1, tó sì jẹ́ pé tó bá ń ka ìtàn ẹ ò lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tì í sínú Físíìsì torí kẹ́ ẹ lè sọ níbi ìgbéyàwó pé ọmọ yín ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin lẹ máa san owó GCE.

Ẹ sì yéé lo ìdánwò kan ṣoṣo láti dájọ́ ọmọ. Ẹ kó gbogbo rìpọ́ọ̀tì kádì JSS jáde láti JSS1, ẹ tò ó sílẹ̀ lórí ibùsùn, kẹ́ ẹ wo Ìṣirò àti Básíkì Sáyẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí máàkì bá ti ṣubú lójijì, ẹ bi ọmọ pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní táàmù yẹn. Ti ọmọ àbúrò mi, a rí i pé Ìṣirò ẹ̀ dáa ní JSS1 àti JSS3, JSS2 ló bàjẹ́, a bi í, ó ní wọn ò ní tísà Ìṣirò fún odidi táàmù méjì, ẹni tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá ló ń jókòó tì wọ́n. Tísà tó ní kó lọ áàtì, JSS2 yẹn ló ń wò.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ témi fúnra mi.

Èmi náà fẹ́ ka famasí nígbà yẹn. Ilé-ìwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tísà Físíìsì kan ló wà níbẹ̀, ó rí iṣẹ́ sí Àbújá ní SS1 táàmù kejì ó sì lọ. Wọ́n pe àwa tó kù jọ, wọ́n ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, ká mú Àgíríìkì, pé "sáyẹ́ǹsì náà ni." A pàtẹ́wọ́! Ọjọ́ tí mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB ni mo tó mọ̀ pé Àgíríìkì tí mo fi B3 gbé yẹn ò lè ṣe iṣẹ́ Físíìsì. Mo jókòó sílé ọdún méjì, mo ń gun ọ̀kadà lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Kàbà, mo kọ GCE lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ Jọ́gíráfì ni mo lọ kà. Mi ò kábàámọ̀ Jọ́gíráfì. Ọdún méjì yẹn ló ń dùn mí.

Torí náà kí ọmọ yín tó mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan, ẹ lọ sílé-ìwé yẹn fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Ẹ béèrè pé ta ló ń kọ́ wọn ní Físíìsì báyìí, ṣé ìjọba ló gbà á àbí PTA, àbí kọ́pà ni, torí pé kọ́pà á parí lẹ́yìn ọdún kan á sì lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi lábù hàn yín. Físíìsì, Kẹ́místírì, Bàọ́lọ́jì, ìdánwò wọn ní apá tọ́mọ á ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan, èyí tí wọ́n ń pè ní práktíkà, ọmọ tí kò fọwọ́ kan búrẹ́tì (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi Kẹ́místírì) rí títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ fojú inú wo bí ọwọ́ ẹ̀ á ṣe máa gbọ̀n. Tí kò bá sí tísà, tí kò sí lábù, ẹ pinnu nísinsìnyí, ṣé ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja, àbí ẹ ó máa sanwó lẹ́sìnnì, àbí ẹ ó yí kọ́ọ̀sì padà. Ìpinnu lèyí ní SS1. Tó bá di SS3, ó ti di ẹjọ́.

Ìṣirò ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ìròyìn kan jáde, gbogbo ọmọ áàtì ní Nàìjíríà jó, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ti yọ Ìṣirò. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ni pé ọmọ tó fẹ́ lọ ka kọ́ọ̀sì áàtì ní yunifásítì ò ní nílò kírédíìtì Ìṣirò mọ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Àmọ́ kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ tún jáde láti là á yé àwọn èèyàn pé Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ láti fi orúkọ sílẹ̀ fún, kí wọ́n sì kọ ìdánwò ẹ̀. Ó ṣì jẹ́ dandan bí ọba fún ẹni tó fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ àwùjọ, Ekonómíìsì àti Akáúńtì sì wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ọmọ áàtì má sọ ìwé Ìṣirò sínú iná torí ìyẹn. Àwọn ilé-ìwé á ṣì máa fi òfin tiwọn kún un, ọkàn ọmọ náà á sì máa yí.

Lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọwọ́ (èyí tí wọ́n ń pè ní trade) tí wọ́n fi kún ti ilé-ìwé, ìjọba tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní 2025, wọ́n gé e kù sí mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà: títo sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ẹwà ṣíṣe, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, ohun ọ̀gbìn. Ẹ wo èyí tí ilé-ìwé yín ní tísà àti irinṣẹ́ fún, kẹ́ ẹ mú un, kò ní yí kọ́ọ̀sì ọmọ padà. Àmọ́ èmi ọkàn mi ń lọ sí sólà. Pẹ̀lú bí iná ṣe rí ní ilẹ̀ wa yìí, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n to ò ní jókòó sílé lásán títí àdìmíṣọ̀n á fi dé.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí tí wọ́n ń pè ní "sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó rọrùn". CRS kọ́kọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti lọ Sunday School títí eyín ń bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n á ní kí ni ìyẹn. Sílábọ́ọ̀sì ní ibi tó dá lé, ibi yẹn ni wọ́n á ti bi wọ́n, kì í ṣe ìtàn tí wọ́n mọ̀ nípa Dáfídì àti Gòláyátì. Yorùbá wá lèkejì, èyí ló ń mú ọmọ Òkun jù. Ọmọ tó ń sọ Òwé, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú láti inú ilé á rò pé Yorùbá WAEC ti wà lápò òun. Ó tì o! Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yẹn, wọ́n á bi í ní sílébù, àmì ohùn, oríṣi gbólóhùn, wọ́n á bi í ní ìwé lítíréṣọ̀ tí wọ́n yàn, wọ́n á bi í ní àṣà, ètò ìgbéyàwó, oyè jíjẹ, nígbà míì bí wọ́n ṣe ń ṣe é lápá Ọ̀yọ́ ló máa wà nínú ìwé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yín. Ọmọ kan lè sọ èdè ìyá ẹ̀ kó dùn bí oyin kó sì gba E8. Mi ò ní kí wọ́n má mú un, èmi ẹni tó fẹ́ràn èdè yìí, ta ni màá sọ bẹ́ẹ̀ fún? Kí wọ́n kà á bí ẹni pé Faransé ni, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n wá sórí JAMB, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti lè dà nù lójú kan. Ọmọ lè ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó dáa ní WAEC, kó dé sẹ́ńtà CBT tó ń forúkọ sílẹ̀, èrò pọ̀ bí ọjà Kàbà, ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á ní "kọ́ọ̀sì wo?", ọmọ á ní nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin náà á ti tẹ ohun tó bá wù ú, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì, Ìṣirò. Ìṣirò gba ipò Físíìsì. Ọmọ á kọ ìdánwò, á gba 270, ìyá ẹ̀ á pín bískíìtì, yunifásítì á ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò bá kọ́ọ̀sì mu. Ọdún kan ti lọ nìyẹn. Kọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yẹn sórí pépà láti ilé, fún ọmọ ní pépà náà, kó sì ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀ kó tó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ń kanra, kí wọ́n kanra.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ti wà ní SS2 tàbí SS3 tẹ́ ẹ wá ń ka èyí, ẹ má káwọ́ lérí. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní SS1 táàmù kìíní, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé á gbà kọ́mọ yí padà, ẹ kàn lọ bá kánsẹ́lọ̀ tàbí igbá kejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ní SS2 ó ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ ọmọ á fi àsìkò ìsinmi ka èyí tó ti kọjá. Tí orúkọ bá ti wọ WAEC ní SS3, ó ku GCE àti NECO, yunifásítì tó pọ̀ ń gba èsì ìdánwò méjì pa pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tú sítìn, àwọn kan ò sì gbà á fún kọ́ọ̀sì bíi dókítà, torí náà ẹ wo ti ilé-ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó. Kì í sì í ṣe yunifásítì nìkan ló wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wà, Poli wà ní Lọ́kọ́ja, àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń béèrè, ó sì ń yàtọ̀ sí ti yunifásítì nígbà míì, ẹ wò ó.

Ọmọ àbúrò mi? A padà pe ara wa lálẹ́ Sọ́ńdè. Bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀, ó kọ́kọ́ ń bínú pé a fẹ́ sọ ọmọ òun di kọmáṣà, ó rọlẹ̀ nígbà tó rí ìwé. Mo tún bi ọmọ náà pé kí ló wù ú, mo ní kó má bẹ̀rù mi, kò sẹ́ni tó máa fi dè é. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní òun fẹ́ràn kóun máa tú rédíò bàbá àgbà, àti pé òun fẹ́ràn owó. A jọ rẹ́rìn-ín. A kọ ọ́ sílẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́místírì, Bàọ́lọ́jì, Ekonómíìsì, Jọ́gíráfì, sólà, àti èyí tí ilé-ìwé bá sọ pé dandan ni. Rédíò wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè àbúrò mi fi fọ́tò fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ náà ti fi bírò pa Bàọ́lọ́jì rẹ́, ó kọ Further Maths sí i. Mo pè é, mo ní kí ló dé, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń dẹ́rù ba òun sà.

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó pe ìyá ẹ̀ wá kí wọ́n jọ lọ bi wọ́n bóyá tísà Further Maths wà.